Àpótí Díìsìkì Tíṣà Ikúmápàyí

Láti Pedro títí dé Fádèyí nílùú Èkó, kò sí ẹni tó gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà àtijọ́ bí Ọlọ́runṣògo. Bó bá súfèé sí ẹ̀rọ tó ti kú lọ́dún mẹ́wàá, ẹ̀rọ náà á sín. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ bi àwọn atẹ̀wé Ṣómólú. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni pé ó ń so àpótí díìsìkì, tó ń tọ́jú iṣẹ́ láìbà á jẹ́, mọ́ àwọn kọ̀ǹpútà kékeré ayé ọjọ́un, èyí tó jẹ́ pé kásẹ́ẹ̀tì orin ló ń bá wọn tọ́jú ohun tí èèyàn bá tẹ̀. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá sì lọ́, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan di omi.

Ó ní òfin kan. Ó ti rán àpótí kan lọ sí Abẹ́òkúta rí láìdán an wò dáadáa. Àpótí náà kú lọ́jọ́ kejì, oníbàárà sì wá pè é ní gbájúẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, àpótí kankan kò gbọdọ̀ kúrò nílé rẹ̀ àfi tó bá ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko láìsinmi.

Lọ́dún kejì tí ìjọba alágbádá padà dé, Tíṣà Ikúmápàyí kọ̀wé sí i láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé òun fẹ́ àpótí kan. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá yìí fi kọ́ àwọn ọmọ Bariga níwèé kó tó fẹ̀yìn tì lọ sílé. Ìtàn agbo ilé wọn ló ń tẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì sì ti bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní: "Ojú mi ń ṣú lọ. Dókítà ní kò ní pẹ́ mọ́. Jọ̀wọ́, yára."

Ọlọ́runṣògo yára lóòótọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe àpótí náà. Ó tan án, ó ń kùn bí oyin. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Nẹ́pà mú iná lọ. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Ó ku wákàtí mẹ́ta kó pé, wọ́n tún mú un lọ. Oókan.

Fadékẹ́ ìyàwó rẹ̀ kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Bàbá Ayọ̀kúnnúmi, àpótí yìí ti ṣiṣẹ́ títí, òun náà tó fẹ̀yìn tì! Ẹ gbé e fún dírẹ́bà."

"Ọjọ́ mẹ́ta ni òfin wí."

"Ta ló ṣòfin?"

"Èmi ni."

"Ẹ tún un ṣe nígbà náà! Àbí kí n lọ bá yín tọrọ jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé?"

"Iná jẹnẹrétọ̀ máa ń gbọ̀n, kì í ṣe iná ọmọlúàbí. Wọ́n ní nísinsìnyí tí alágbádá ti dé, iná Nẹ́pà máa dúró."

"Àwọn wo ló ní bẹ́ẹ̀? Ṣé wọ́n ń gbé Ṣómólú?"

Lẹ́tà kejì dé. Leah, ọmọ Tíṣà, ló kọ ọ́: ó ní ọ̀rọ̀ gàdàgbà ojú kọ̀ǹpútà nìkan ni Bàbá ṣì ń rí kà. Ọlọ́runṣògo fò dìde. Ó gbé àpótí sínú páálí, ó dì í. Ó rántí Abẹ́òkúta. Ó tú u, ó tún tan án.

Ọ̀sẹ̀ kọkànlá ni iná ṣìnà wọ Ṣómólú, tí kò sì mọ ọ̀nà jáde fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọlọ́runṣògo fi pajámà jó dé ojú títì. Kò gbé e fún dírẹ́bà kankan, orí itan ara rẹ̀ ló gbé àpótí náà lé dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Tíṣà na ọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ibi tí Ọlọ́runṣògo kò sí ló na ọwọ́ náà sí.

"Káàbọ̀ o. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, sà."

"Láti ìgbà wo?"

Ó lè purọ́. Ẹnu rẹ̀ kọ̀ ọ́.

"Láti ọjọ́ kìn-ín-ní, sà."

Leah yíjú sí ògiri. Ọlọ́runṣògo sáré jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. "Ẹ máa sọ ọ́, sà, èmi á máa tẹ̀ ẹ́."

Tíṣà dárúkọ mẹ́rin nínú àwọn baba ńlá rẹ̀, ó há síbẹ̀. "Ojú ni mo fi ń rántí, ọmọ mi. Bí n kò bá rí ìlà tó ṣáájú, n kì í mọ èyí tó kàn."

Ọlọ́runṣògo ka orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún un. Ó tún kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tó ń kàwé níwájú tíṣà. Bàbá dẹ etí, ó ń dúró de ìkarùn-ún.