Baba Ìdàrọ́ àti Àwọn Tó Ń Gbé E Yẹ̀ Wò

Gbogbo àdúgbò ló mọ ọjọ́ tí olóògbé Baba Ìdàrọ́ hú pátákó ilé-iṣẹ́ irin. Wọ́n kọ "PÀǸTÍ" gàdàgbà sí i, wọ́n rì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkìtì ìdàrọ́, ìyẹn ìdọ̀tí líle tó máa ń jáde lára irin tí wọ́n bá yọ́ ọ. Baba gbé pátákó léjìká, ó lọ rì í sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì máníjà.

"Baba, kí lẹ ń ṣe?" ọlọ́dẹ kígbe.

"Mo ń dá a padà sílé ni!"

Ṣé kò tọ́ kó bínú? Òkìtì náà ga ju òrùlé wa lọ. Eruku rẹ̀ ń bọ́ sómi mímu wa, àwọn ọmọ ń wúkọ́. Àwọn ẹnjinníà ilé-iṣẹ́ náà mọ̀ dáadáa pé àwọn ará ibòmíràn ń lọ ìdàrọ́ mọ́ sìmẹ́ǹtì. Ọ̀lẹ ni wọ́n, kò sí irọ́ níbẹ̀.

Baba bá lọ díẹ̀ nínú ìdàrọ́ náà kúnná, ó pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì, ó fi rẹ́ ilẹ̀ ilé ìdáná ìyàwó rẹ̀. Àmọ́ irú sìmẹ́ǹtì yìí kì í tètè gan, bẹ́ẹ̀ Baba kò ní sùúrù débi tí ẹyin fi máa jinná.

"Ṣé ó ti le?" Ó tún fi ìka tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ jẹ́ kó sinmi ná!" ìyàwó rẹ̀ kígbe. "Bí ilẹ̀ yìí bá fọ́, ẹ̀yin ni màá fi dí i."

Nígbà tó yá, ó le. Baba fi òòlù lù ú, orí òòlù ló fò yọ. Ó fa máníjà wá wò ó.

"A máa gbé e yẹ̀ wò," ni máníjà wí.

"Ẹ má gbé e yẹ̀ wò! Ẹ gbé e lọ!"

Wọ́n gbé e yẹ̀ wò títí Baba fi kú. Ẹ̀yìn ìsìnkú rẹ̀ ni ọkọ̀ wá ń kó ìdàrọ́ náà lọ sílé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì. Inú ṣì ń bí wa.

Lọ́jọ́ tí òkìtì tán, máníjà dúró níwájú èrò. "A ti ṣàwárí ohun ìyanu kan nínú ìdàrọ́."

Ìyàwó Baba dìde. "Ta ni 'a'? Ká ní Baba wà láyé ni, ẹ ò bá ti sá!"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ìyá jókòó, ó fi etí aṣọ nujú.

"Igbe rẹ̀ ló máa ń jí mi láràárọ̀," ó sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Báyìí, mo kàn ń sùn lọ ni."