Ìṣísẹ̀ Méje sí Kànga

Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ará wa ní ìlú Bouaké níhìn-ín bá fẹ́ kọ́ yàrá tí yóò fi gba ayálégbé, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń darí rẹ̀ sí. Wọ́n á ní, "Lọ bá màmá tó wà ní àdúgbò Belleville, ó ti pẹ́ nídìí ẹ̀." Mo ti pẹ́ nídìí ẹ̀ lóòótọ́. Yàrá mẹ́fà ni mo ní tó yí àgbàlá kan ká, abọ́ tánganran ni mo sì tà fún ogún ọdún kí n tó kọ́ wọn. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má gba ayálégbé tí kò lè sọ ibi tó ti kó wá. Kí olúkúlùkù ní mítà iná tirẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìjà ni wọn yóò máa fi jí yín láràárọ̀. Kí ẹ gun òrùlé wò kí òjò àkọ́kọ́ tó dé, ẹ má dúró dìgbà tó bá ń jò. Bí mo bá ti wá dé orí ọ̀rọ̀ ṣáláńgá, ohùn mi á ròkè: "Ẹ gbé e jìnnà sí kànga! Ọgbọ̀n ìṣísẹ̀, kó má dín!" Wọ́n á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ nìkan ló ń bí màmá nínú. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá nìyí. Ṣáláńgá ilé mi tẹ́lẹ̀ wà ní igun tó kọjú sí títì, ó jìnnà sí kànga dáadáa. Ṣùgbọ́n ojú mi wọ igun yẹn. Yàrá tó bá kọjú sí títì, ọjọ́ tí ẹ bá kùn ún tán ni oníṣòwò á gbà á. Mo bá ní kí wọ́n dí ihò àtijọ́, kí wọ́n gbẹ́ òmíràn sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ọkùnrin ará Botro tó wá gbẹ́ ihò fi ṣọ́bìrì tọ́ka, ó ní, "Màmá, kànga nìyẹn o." Mo ní, "Kànga tí a ti fi sìmẹ́ńtì dé? Ta ló tún ń mu omi kànga ní Belleville? Gbẹ́ ihò, jàre!" Ó wo ojú mi, ó sì gbẹ́ ẹ. Ojúkòkòrò ni, mi ò ní orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Ọdún kan wá dé tí omi ẹ̀rọ gbẹ kárí ìlú. Ẹni tó bá wà ní Bouaké nígbà náà kò ní gbàgbé: kẹ́ẹ̀gì ofeefee kún ojú títì, àwọn èèyàn ń tìtorí garawa omi kan jà. Àwọn ayálégbé mi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú mi. Mo ní kí wọ́n gbé òòlù wá, a sì fọ́ sìmẹ́ńtì orí kànga. Omi tí a fà mọ́ gaara, kò rùn. Èmi ni mo kọ́kọ́ mu ún. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín: mo rántí ṣáláńgá yẹn. Bí ife ṣe kan ẹnu mi ló wá sí mi lọ́kàn, mo sì sọ fún ara mi pé ilẹ̀ ń sẹ́ omi. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ará ìjọ wa wá gbàdúrà ọpẹ́ sórí kànga náà, gbogbo àdúgbò, tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Ànàgó, ń sọ pé Ànàgó yìí mà ṣe é o. Ó dùn mọ́ mi nínú.

Obìnrin Baoulé kan, ará Béoumi, ń gbé yàrá kẹta, ó ń ránṣọ. Tántí ló ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin tó bá dàgbà níhìn-ín, èdè Dioula la jọ ń sọ. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rin. Láràárọ̀ ni ọmọ náà máa ń wá jókòó lé mi lẹ́sẹ̀, tí á máa bá mi jẹ búrẹ́dì mi. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ṣí kànga tí ìgbẹ́ gbuuru mú gbogbo ilé. Àwa àgbà rù ú là. Ọmọ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í bì láàárọ̀ ọjọ́ kan, a gbé e dé ọsibítù, ó sì kú lọ́sàn-án ọjọ́ kejì.

Nọ́ọ̀sì ti bi ìyá rẹ̀ pé omi wo ni ọmọ náà ń mu. Ó ní, "Omi kànga Tántí ni, omi tó mọ́. Àfi ọjọ́ kan tí èrò pọ̀ níbẹ̀, tí mo lọ pọn omi àbàtà." Ó wá ká ọwọ́ lérí, ó figbe ta: "Omi àbàtà yẹn ni! Èmi ni mo pa ọmọ mi!" Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo dì í mú, mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ẹnu mi yìí, tó ń jágbe mọ́ gbogbo ayé, kò ṣí.

Mo délé, mo parọ́ pé omi kànga ti ń lọ sílẹ̀, mo sì fi sìmẹ́ńtì dé e padà. Obìnrin náà kó ẹrù rẹ̀, ó padà sí Béoumi. Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún ni ó ń fi ẹja gbígbẹ rán onítakisí sí mi, pé kí wọ́n fún Tántí tó fún àwọn lómi. Mi ò jẹ ẹja yẹn rí. Mo máa ń pín in fún àwọn ará ìjọ, wọ́n á sì máa súre fún mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tèmi kò tilẹ̀ lọ síbì kan, àgbàlá mi ló jókòó sí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ó gbé ẹja sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní òun ti rí ilẹ̀ díẹ̀ ní Béoumi, òun fẹ́ kọ́ yàrá mẹ́ta fún ayálégbé. "Tántí, ẹ kọ́ mi. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n." Mo sọ ti òrùlé, mo sọ ti mítà, mo sọ ti ayálégbé tí kò ṣeé gbà. Mi ò sọ ti ṣáláńgá. Òun ló bi mí: "Ṣáláńgá ńkọ́? Kànga wà lórí ilẹ̀ náà. Mi ò fẹ́ kí omi tún pa ọmọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mi."

Lọ́wọ́ rẹ̀! Háà! Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹrù tèmi ló wà lórí rẹ̀.

Mo ní, "Ọgbọ̀n ìṣísẹ̀, kó má dín." Ó mi orí pé òun ti gbọ́. Mo ní, "Kì í ṣe omi àbàtà."

"Ẹ ní kí ni, Tántí?"

"Kì í ṣe omi àbàtà ló pa á. Omi kànga mi ni. Mo mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀."

Kò sunkún, kò bú mi. Ì bá tilẹ̀ bú mi. Ó dìde, ó lọ dúró lórí sìmẹ́ńtì tí mo fi dé kànga, ó kọjú sí ṣáláńgá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ sókè ní èdè Baoulé. Mi ò gbọ́ Baoulé, ṣùgbọ́n èmi náà ń bá a kà á nínú. Ó di méje, ọwọ́ rẹ̀ kan ògiri ṣáláńgá. Lẹ́yìn náà ó padà sórí kànga, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí oókan.