Oríkì Tó Ṣẹ́kù fún Ọmọ Mi

Ìwé àlòkù ni. Mo rà á ní Mazamaza, láàárín àwọn tó jókòó sábẹ́ agbòòrùn tí wọ́n ń ta káàdì fóònù, torí pé ọmọbìnrin mi ti ka gbogbo ìwé tó wà nílé wa ní Raji Rasaki tán. Ìtàn ayé ogun ni. Wọ́n kó ọmọdébìnrin kan lẹ́rú, ó dàgbà sílùú onílùú. Nígbà tó yá, ìyá rẹ̀ rí i lọ́jà, kò dá a lójú pé ọmọ òun ni, ló bá ń ki oríkì ilé wọn láàárín èrò. Ọmọ náà sọ ẹrù kalẹ̀, ó yíjú padà.

Láti ìgbà náà, ìbéèrè ò tán lẹ́nu ọmọ mi. Ta ló bá ta jà? Ṣé wọ́n kó nínú tiwa náà? Èyí tó wá mú ọwọ́ mi dúró nídìí ìkòkò ni:

"Mọ́mì, tí wọ́n bá jí mi gbé, kí lẹ máa kì tí màá fi mọ̀ pé ẹ̀yin ni?"

"Màá pe orúkọ ẹ."

"Àwa mẹ́ta là ń jẹ́ ẹ ní kíláàsì wa."

Mi ò mọ oríkì wa. Ìyá mi ló mọ̀ ọ́n, ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ. Òun ló fi ń jí wa láràárọ̀, kí bàbá mi tó di àtúnbí, tó ní kò gbọdọ̀ ki nǹkan òrìṣà mọ́ ọmọ òun lára mọ́. Ìyá mi dákẹ́, títí a fi sin ín.

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, a lọ bá bàbá mi ní Festac. Ọmọ mi gbé ìwé náà lé e lẹ́sẹ̀.

"Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kì mí."

Mo rò pé á bínú. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún.

"Ọmọ ajífìrìbọ́jú," ló wí, "ọmọ..."

A dúró. Kò rí ìyókù mú wá.

"Ìyá ẹ ló mọ̀ ọ́n," ó sọ fún mi, bí ẹni pé mo lè lọ bi í. "Èmi ni mo ní kó dákẹ́."

"Ẹ má sunkún, Bàbá àgbà. Eléyìí náà dáa."

Ìyẹn nìkan la ní. Òun ni mo fi ń jí ọmọ mi láràárọ̀. Tí mo bá dé ibi tó gé sí, kì í tíì lajú. Ṣe ló máa ń dúró kí n parí ẹ̀.