Bàbá Inú Fóònù

Ó ti tó ọdún márùn-ún tí Ẹ̀gbọ́n Mùráínà ti ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Dubai Investments Park, kò sì sí olè tó jà níbẹ̀ rí. Kì í ṣe agbára o, ẹnu ni. Olè tó bá dé ibẹ̀, kí Ẹ̀gbọ́n tó kí i tán, kó bi í léèrè ìyá, bàbá àti àwọn ọmọ, ilẹ̀ á ti mọ́. Inú yàrá kan náà làwa mẹ́fà ń sùn ní Sharjah, èmi lórí bẹ́ẹ̀dì òkè, òun ní ìsàlẹ̀. Ohun tí mo bá sọ nípa rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n ni.

Ṣùgbọ́n nínú oṣù kọkànlá, ọmọ ọdún mẹ́rin gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Asiat ni, ọmọ tó bí. Oyún rẹ̀ ló wà nínú ìyá rẹ̀ nígbà tí Ẹ̀gbọ́n kúrò l'Ékòó; látìgbà náà, orí fóònù ni wọ́n ti ń ríra. Ganiat, ìyàwó rẹ̀, wá gbé ọmọ náà wá lórí visit visa. Bí Asiat ṣe rí bàbá rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú báyìí, ó figbe ta, ó sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. "Uncle" ló ń pè é. Tí Ẹ̀gbọ́n bá pè é lórí fóònù láti ibi iṣẹ́, wọ́n á ṣeré, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Tó bá wá kan ilẹ̀kùn yàrá àwọn obìnrin tí ìyá àtọmọ wọ̀ sí ní Al Khan, ó tún di uncle. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

"Adéjàre," ó sọ fún mi, "Sátidé ni wọ́n ń padà. Tí ọmọ yìí bá lọ láì pè mí ní Dádì lójúkojú, kí ni mo wá ṣe ní Dubai?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé inú bí mi. Mẹkáníìkì ni mí ní Industrial Area, ọkọ̀ kan sì wà ní ṣọ́ọ̀bù wa tó ní bẹ́ẹ̀dì, síńkì àti sítóòfù nínú, irú èyí táwọn òyìnbó fi ń gbé ìyàwó àtọmọ kiri. Ọ̀gá mi ní kí n gbé e jáde kí n fi dán ẹ́ńjìnnì tí mo tún ṣe wò. Mo ní kí Ẹ̀gbọ́n kó ẹbí rẹ̀ sínú ọkọ̀, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sùn sábẹ́ òrùlé kan náà lẹ́ẹ̀kan péré láyé wọn. Ní Ọjọ́rú, a forí lé aṣálẹ̀ Mleiha.

Ẹ̀gbọ́n ò sì lè pa ẹnu mọ́. Ó ti sọ fún gbogbo ilé pé òun àti ìyàwó òun ń rìnrìn àjò. Àwọn èèyàn wa kọ́ nìyẹn? Ẹni bá ti gbọ́ ìrìn àjò, ó ti wá ẹrù dì. Kò sẹ́ni tó bèèrè ibi tí à ń lọ, Èkó ni kálukú rò. Wọ́n kó blẹ́ńdà wá, wọ́n kó àyọ́ọ̀nù wá, àpò bàtà mẹ́ta, "Ẹ bá mi fún ìyá mi ní Mùṣin." Ẹ̀gbọ́n gba gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí a dé aṣálẹ̀, Ganiat ṣílẹ̀kùn, ó dúró.

"Dádì Asiat, ṣé èmi ni mo máa sùn ni àbí blẹ́ńdà?"

"Ṣé kí n kọ ẹrù ìyá arúgbó ni?"

"Khalas, ó tán," mo ní, "ẹ jẹ́ ká lọ sùn síta." Ìyá àtọmọ fún ara wọn sáàárín ẹrù. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹní sórí iyanrìn, òtútù nà wá dáadáa. Ètò mi ti forí ṣánpọ́n, mo sì bú Ẹ̀gbọ́n títí oorun fi gbé mi.

Oòrùn ti yọ nígbà tí fóònù Ẹ̀gbọ́n dún. Ó ń din ẹyin lẹ́yìn ọkọ̀. Asiat ló ń fi fóònù ìyá rẹ̀ pè látinú ọkọ̀, ó fẹ́ kí Dádì rẹ̀. Ọkùnrin tó yẹ kó kan ilẹ̀kùn lásán ló fẹ̀yìn ti táyà, tó gbé fóònù sójú.

"Dádì, ẹ káàárọ̀!"

"Ọmọ mi, ṣé o sùn dáadáa?"

"Rárá. Uncle kan wà níta, wọ́n ń hanrun."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n da iyanrìn sí mi lára.

"Uncle yẹn, ṣé èèyàn burúkú ni?"

Ọmọ náà rò ó. "Rárá. Wọ́n bọ́ kóòtù wọn fún mi. Àmọ́ ẹyin wọn ti jóná." Ó tún ní, "Dádì, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n wọlé, òtútù ń mú wọn. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ìgbà wo lẹ máa wá?"

Ẹ̀gbọ́n Mùráínà, ẹlẹ́nu bí agogo, sọ páànù ẹyin sílẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó dìde, fóònù ṣì wà lójú rẹ̀, ó rìn yí ọkọ̀ po, ó sì ṣílẹ̀kùn.

Asiat wo fóònù, ó wo ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó tún wo fóònù. Ganiat fọwọ́ bo ẹnu.

"Dádì, ó dàbọ̀," ọmọ náà sọ sínú fóònù. "Dádì ti dé."

Ó sì pa á.