Ìròyìn Inú Fíláàṣì

Òórùn èédú tó ń jó nínú àyọ́ọ̀nù ló máa ń jí mi láràárọ̀ Sátidé ní Lugbe, nílùú Abuja. Iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ àti aṣọ lílọ ni ìyá mi ń ṣe. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, yóò ti kó ẹyin iná sínú àyọ́ọ̀nù, yóò máa fẹ́ ẹ, èéfín rẹ̀ yóò sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé tòun ti òórùn sítáàṣì. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú yẹn lásìkò tiwa, ẹ ó rántí eruku pupa tó máa ń bà lé aṣọ tí èèyàn bá sá síta. Ìyá mi á gbọn aṣọ náà, á tún un gbọ̀n, kó tó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Á ní, "Aṣọ tí èèyàn ò bá fẹ́ tún lọ, sùúrù la fi ń lọ ọ́."

Ẹ̀gbẹ́ tábìlì yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Bísí, máa ń gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé orí àpótí kan, torí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ti ń wọlé. Ògbólógbòó ni kọ̀ǹpútà náà. Bàbá mi, tó jẹ́ awakọ̀ ní iléeṣẹ́ ìjọba kan, ló rà á nígbà tí wọ́n ń ta ẹrù àtijọ́ inú ọ́fíìsì. Bátìrì rẹ̀ ti kú. Bí iná bá ti lọ, òun náà lọ nìyẹn. Àǹtí Bísí ti jáde girama, kò sì tíì rí yunifásítì wọ̀. Ó ń kọ́ ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ áàpù sórí fóònù.

Ọ̀rọ̀ ìkíni ni áàpù tó ń kọ náà dá lé. Ẹ̀yin náà mọ àwa ọmọ Abuja: Yorùbá yé wa, ṣùgbọ́n ẹnu wa kì í fẹ́ sọ ọ́. "Gúdù mọ́ọ̀nìn, mà" la fi ń kí onídìrí, òun náà la fi ń kí àgbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí ọmọdé tẹ àwòrán onídìrí, kó gbọ́ "Ojú gbooro o," kó sì gbọ́ èsì rẹ̀, "Òòyà á yà." Bó bá tẹ àwòrán àgbẹ̀, kó gbọ́ "Àroko bọ́dún dé o." Ohùn ìyá mi ló gbà sílẹ̀ fún gbogbo rẹ̀, nídìí iṣẹ́, débi pé bí ẹ bá tẹ́tí dáadáa, ẹ ó máa gbọ́ bó ṣe ń gbé àyọ́ọ̀nù kalẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, tó máa ń ṣèpàdé nínú kíláàsì iléèwé kan ní Lugbe, gbọ́ sí i. Bàbá Alága dìde níjọ́ kan, ó ní bí áàpù náà bá lè wọ ṣọ́ọ̀bù orí fóònù, níbi tí gbogbo ayé ti ń mú áàpù, kí ọjọ́ ọdún ẹgbẹ́ tó pé, ẹgbẹ́ yóò rán Àǹtí Bísí lọ sí iléèwé kọ̀ǹpútà ní Wuse. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi ní Ìlọrin ni yóò ti lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Bàbá mi ti sọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Àǹtí Bísí ò kórìíra abẹ́rẹ́ o. Kọ̀ǹpútà ló wù ú ni.

Àmọ́ dátà wọ́n jù fún irú ilé wa. Ìsọ̀ Bọ̀dá Kàmọ́rù la ti ń rí ẹ̀kọ́, ọmọ Ọ̀yọ́ kan tó ń da fíìmù àti orin sínú mẹ́mòrì fún àwọn èèyàn ní oríta. Nínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, láàárín fíìmù àti ìwàásù, ó ní ìròyìn àti ẹ̀kọ́ àwọn tó ń kọ áàpù, tí oníbàárà kan gbà sílẹ̀ látorí íńtánẹ́ẹ̀tì tó sì fi síbẹ̀: irinṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, èyí tí wọ́n fẹ́ gbà kúrò, bí wọ́n ṣe ń ṣe èyí, bí wọ́n ṣe ń ṣe tọ̀hún. Díẹ̀díẹ̀ ló ń dà á sínú fíláàṣì fún wa.

"Sànnu, Bọ̀dá Kàmọ́rù," ni mo máa ń fi kí i lédè Haúsá.

"Yauwa. Délé oníròyìn. Apá kelòó la dé?"

"Apá kẹrin."

"Ṣé wọn ò tíì pa olórí àwọn jàgùdà inú ẹ̀?" Á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ bíi pé fíìmù ni.

Èmi ni mo ń kà á sétí ilé nírọ̀lẹ́. Bàbá mi ò gbà kí a ka òyìnbó lásán nílé òun. Ohun tí mo bá kà, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní Yorùbá. Mo máa ń mú ohùn mi wúwo bíi ti ará inú rédíò.

"Wọ́n ní irinṣẹ́ tuntun ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀."

"Àwọn wo ni wọ́n?" bàbá mi á bèèrè.

"Àwọn tó ni ín, sà."

"Wọn ò lórúkọ? Ó dáa, akéde, máa bá a lọ."

Ìyá mi á sì sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn òkìtì aṣọ: "Ìròyìn ò tó àfojúbà o." Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ sí gbogbo nǹkan nìyẹn, títí kan òfófó àwọn ará ilé kejì, nítorí náà a ò kà á sí.

Àǹtí Bísí pè mí lọ́pọ̀ ìgbà. "Délé, wá jókòó, kí n kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ẹnì kan ṣoṣo kọ́ ló yẹ kó mọ̀ ọ́n nínú ilé." Mo máa ń ní ó di ọ̀la. Kíkà ló dùn mọ́ mi. Ẹni tó bá ń kà ni gbogbo ilé ń wò.

Nígbà tí ọdún ẹgbẹ́ ku díẹ̀, áàpù náà parí. A jọ lọ sí ilé íńtánẹ́ẹ̀tì kan láti fi ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo dúró lẹ́yìn àga rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n dá a padà: irinṣẹ́ tó fi kọ ọ́ ti gbó jù, wọn kì í gba irú rẹ̀ mọ́. Ó ní irọ́ ni, tuntun ni. Ó wá ṣí ojú ewé ìròyìn náà gan-an lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́. Irinṣẹ́ tí mo ní ó ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀ ti dé látọdún mélòó kan, ó ti gbó, wọ́n ti gbà á kúrò. Ọjọ́ àti oṣù ló wà lórí èyí tó wà nínú fíláàṣì wa. Kò sí ọdún níbẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wa ò sì bèèrè. A ti rò pé ìròyìn dà bíi fíìmù, pé ìgbà tí èèyàn bá ń wò ó ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Irinṣẹ́ tí wọ́n ń lò lọ́wọ́ sì rèé, kọ̀ǹpútà wa ò lè gbé e.

Kò bú mi. Ó kàn ní, "Áà, àtijọ́ lò ń kà fún wa láti ọjọ́ yìí," ó sì yọ fíláàṣì.

Lọ́jọ́ ọdún ẹgbẹ́, ó fi bulutúùtù da áàpù náà sórí fóònù àwọn òbí, láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n mú wá láti Life Camp, tí kì í sọ Yorùbá rárá, lọ bá àwọn bàbá tó ń ta ayò lábẹ́ igi, ó ní, "Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ̀ o." Ọwọ́ wọn dúró. Ọ̀kan ní, "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ̀ ò gbọdọ̀ fọhùn. Ọmọ ta lèyí?" Ìyá ọmọ náà sáré tọ Bàbá Alága lọ.

"Bàbá, ẹ gbọ́ ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin yìí lọ sí Wuse."

"Mo gbọ́ ọ," ni Bàbá Alága wí. Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Bísí, o ṣe é. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù orí fóònù la jọ sọ níwájú ẹgbẹ́. Bí mo bá yẹ àdéhùn náà lórí tìẹ, ọmọ ta ni mo tún lè ní kó pa á mọ́?"

Àwọn kan kùn. Àǹtí Bísí kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, sà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe sọ ọ́."

Ó fi kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀ fún mi nígbà tó ń lọ sí Ìlọrin. Ó ní gbogbo iṣẹ́ náà wà níbẹ̀, pé bí ẹ̀rọ tó lágbára bá dé ọwọ́ mi, àtúnṣe tó kù kò pọ̀. Mo ṣí i lẹ́yìn tó lọ. Mo lè ka gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ketekete, n kò sì mọ èyí tí mo lè sún kúrò láyè ẹ̀. Nígbà tó yá, mo pa á dé.

Èmi náà ò ka ìwé jìnnà. Mo kúrò ní girama láìparí. Fóònù ni mò ń tún ṣe báyìí, ní Lugbe yìí náà, ẹ̀rọ tó wà níwájú mi sì lè gbé irinṣẹ́ yòówù. Àǹtí Bísí ní ìsọ̀ tirẹ̀ àti àwọn ọmọ iṣẹ́ ní Ìlọrin, kò sì fi ọ̀rọ̀ náà yẹ̀yẹ́ mi rí. Lọ́jọ́ tí mo pè é láìpẹ́ yìí pé mo fẹ́ tún áàpù náà kọ, ó bèèrè ibi tí mo bá a dé. Mo ní ojoojúmọ́ ni mò ń ka ìròyìn wọn, kò sí ohun tó jáde tí n kò mọ̀.

"Délé, mi ò bi ẹ́ ní ohun tó o kà. Kí lo ti kọ?"

Délé oníròyìn ìbá ti rí èsì fún un kíá. Èmi ní, "N kò tíì kọ nǹkan kan, Àǹtí mi."

Mò ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Ṣí i. Sọ ohun tí ìlà àkọ́kọ́ ń ṣe fún mi."

Ọmọdé tí mo jẹ́ nígbà yẹn máa ń ka odindi ojú ewé láìmí. Èmi tí mo ti dàgbà, ìlà kan ṣoṣo ni mo kà lọ́jọ́ náà, ó sì pẹ́ kó tó yé mi.