Nọ́ńbà Màmá Akọ̀wé

Èmi ni mo yan nọ́ńbà fóònù. Kí n ti sọ ìyẹn kí ọ̀rọ̀ tó gùn, nítorí nígbà tí wọ́n béèrè rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò sọ ọ́.

Ìwé mi kò pọ̀. Kíláàsì kẹta ní girama ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, mo lọ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Òṣogbo. Ọ̀gá mi níbẹ̀ máa ń sọ pé ohun tí kọ̀ǹpútà bá bi ọ́, tètè dá a lóhùn, kó má baà mọ̀ pé o ò mọ̀ ọ́n. Ìmọ̀ràn yẹn ló kó bá mi.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlobù ní ìkànnì lórí ayélujára, èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ọjọ́ ìbí, tàbí tó ní ìgbéyàwó tí wọn yóò kéde, fọ́ọ̀mù kan wà tó máa kún lórí fóònù. Fọ́ọ̀mù yìí kò sí lórí ìkànnì tiwa. Ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ kan tó ń bá ènìyàn gba irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló wà. Ní gbogbo Sátidé, mo máa jókòó, mo máa wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, mo máa dà á kọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí ìkànnì wa, bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ó sú mi. Mo wá gbọ́ pé ìkànnì náà lè lọ kó o wá fúnra rẹ̀, kí n ṣáà ti fi ọ̀nà hàn án.

Mo fi ọ̀nà hàn án. Orúkọ, kó gbé e sí ibi orúkọ. Ọjọ́, sí ibi ọjọ́. Níbikíbi tó bá ti rí orúkọ ìyàwó, kó pè é ní ìkéde ìgbéyàwó. Ló bá bi mí léèrè: kí ni òun yóò fi mọ ẹnì kan yàtọ̀ sí ẹnì kejì, kí òun má baà kọ ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì? Mo rántí ọ̀gá mi. Mo ní nọ́ńbà fóònù. Ta ni kò ní fóònù láyé ìsinsìnyí? Bí nọ́ńbà kan náà bá tún yọjú, kó fi ọ̀rọ̀ tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Bí àyè kan bá ṣófo nínú ti tuntun, kó fi ti àtijọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Inú mi dùn sí ara mi lọ́jọ́ náà, mo ra búrẹ́dì àti mínírà.

Mo gbàgbé Màmá Akọ̀wé. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun ni akọ̀wé ìjọ wa, òun náà ló kọ́ mi ní a, b, d. Gbogbo àgbà tí kò ní fóònù ńlá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Á wọ awò ojú rẹ̀, á bá wọn kún fọ́ọ̀mù. Tó bá dé ibi nọ́ńbà, á fi tirẹ̀ sí i. Á ní, "Bí wọ́n bá ń wá yín, kí wọ́n pè mí, màá ránṣẹ́ sí yín." Bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é ní àdúgbò wa látìgbà tí fóònù ti dé: nọ́ńbà ẹnì kan, gbogbo agboolé. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo wà ní girama, nọ́ńbà ìyá mi tó wà lọ́wọ́ àwọn tíṣà, ti aránṣọ ojúlé kejì ni.

Lọ́sẹ̀ yẹn, Màmá kún fọ́ọ̀mù méjì. Àkọ́kọ́ ni ti káfíńtà kan nínú ẹgbẹ́ akọrin, tí fóònù rẹ̀ já sómi. Ó fẹ́ kí wọ́n ṣe ìkéde kejì nínú mẹ́ta fún ìgbéyàwó òun àti omidan kan láti Ìfọ́n, ìlú tó bá wa pààlà. Èkejì ni ti Bàbá kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó fẹ́ dúpẹ́ pé òun pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Bàbá kò kọ orúkọ ìyàwó kankan. Àyè yẹn ṣófo.

Mo tẹ ìwé ìkéde jáde, mo fún Àlùfáà. Mi ò kà á.

Bàbá ìyàwó àti ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi náà. Nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì, ọdún méjì gbáko ló fi kọ̀ kí ọmọ òun fẹ́ ará Ìlobù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ni, ó wá fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ìkéde náà.

Àlùfáà wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ìjọ, kò tíì mọ ojú ènìyàn. Ó ka orúkọ Bàbá. Ó ka orúkọ omidan. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí tí kò fi yẹ kí a so àwọn méjèèjì pọ̀, kó sọ ọ́.

Bàbá gbé etí sún mọ́ ẹni tó jókòó tì í, ẹni yẹn sọ ọ́ fún un. Ó rọra dìde nínú agbádá ọjọ́ ìbí rẹ̀.

"Àlùfáà, èmi ò mọ ìdí kankan o."

Káfíńtà náà dìde láàárín àwọn akọrin, ìwé orin wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Èmi mọ ọ̀kan, sà."

Ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ìyàwó nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ààlà ilẹ̀ ni mo gbọ́ pé ẹ máa ń sún ní Ìlobù. Mi ò gbọ́ pé ẹ tún ń sún ọkọ."

Àgbà ìjọ kan ní, "Ẹ̀yin náà kì í sùn lórí ààlà, bàbá."

"Ṣé ẹ jẹ́ ká sùn ni?" Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú. "Títí màá fi mọ ẹni tó ṣe èyí, kò sí ìyàwó."

Àlùfáà kó gbogbo wa wọ yàrá ẹ̀yìn. Ó bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní, "Ó dà bíi pé nọ́ńbà kan náà ló wà lórí fọ́ọ̀mù méjèèjì, sà." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni. Ó ní nọ́ńbà ta ni? Mo kà á síta.

Màmá Akọ̀wé ní, "Èmi nìyẹn." Ó di tábìlì mú, ó sì kúnlẹ̀ fún bàbá ìyàwó, ọkùnrin tó lè bí lọ́mọ.

"Màmá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ àbúrò mi níwèé."

"Ẹ fún wa níyàwó, màá dìde."

Ọkùnrin náà wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Ẹ máa mú un lọ. Ẹ ṣáà jẹ́ kó jẹ́ káfíńtà."

Gbogbo ìgbà tí eékún Màmá wà nílẹ̀, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ń ka ìwé ìkéde náà ní àkàtúnkà.

Nígbà tí mo délé, mo rí i pé fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ti ní àmì tirẹ̀, tí kò bá ti òmíràn dọ́gba, láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ yẹn látìbẹ̀rẹ̀. Òun ló yẹ kí n yàn. Mo yàn án, gbogbo ẹni tó sọnù padà wọlé. Wọ́n tún ìkéde ṣe, ìgbéyàwó náà wáyé. Iwájú ni Bàbá ọlọ́jọ́ ìbí jókòó sí, ó ń sọ fún àwọn àlejò pé òun yọ̀ǹda ni, kí àlàáfíà lè wà láàárín ìlú méjèèjì.

Ṣùgbọ́n Màmá kò kún fọ́ọ̀mù fún ẹnikẹ́ni mọ́. Bí àwọn àgbà bá wá, á ní kí wọ́n lọ bá mi, pé ẹ̀rọ ò fẹ́ nọ́ńbà òun. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ kí i, á ní, "Ọmọ mi, má bínú pé mo ba iṣẹ́ rẹ jẹ́."

Mo máa ń ní, "Kò burú, mà." Ìdọ̀bálẹ̀ ìkíni lásán nìyẹn. Ìdọ̀bálẹ̀ tí mo jẹ ẹ́ ní gbèsè yàtọ̀: iwájú bàbá ìyàwó ni, kí Màmá wà níbẹ̀, kí n sọ ẹni tó yan nọ́ńbà. Ìfọ́n kò jìnnà. Mi ò tíì lọ.