Agolo Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀wà

Títí dòní, bí òórùn bọ́tà àti nọ́tímẹ́ẹ̀gì bá ta sí mi nímú, àyà mi á kọ́kọ́ já kí itọ́ tó wá sí mi lẹ́nu. Ilé ìdáná wa ní Adéwọlé ló máa ń gbé mi padà sí, lọ́dún tí Kérésì bọ́ sínú àwẹ̀ Ràmàdáànì. O ó rántí àwọn ọdún náà, tí gbogbo Ìlọrin ń gbààwẹ̀, tí àwa onígbàgbọ́ ń yọ́ jẹun bí olè.

Èmi àti ọkọ mi la jọ máa ń ṣe bisikíìtì ọdún. A ò ní ààrò òyìnbó. Ìkòkò irin ńlá kan la máa ń da iyanrìn sí nísàlẹ̀, a ó gbé e kaná, a ó tún kó ẹyin iná sórí ọmọrí rẹ̀. Ọkọ mi á máa po ìyẹ̀fun, èmi á máa fi agolo tòmátò gé e róbótó. Tíṣà ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. "Ọwọ́ ọkùnrin ló ń mú un dùn," ló máa ń wí. Èmi á ní, "Ẹ ṣáà má jẹ́ kí òógùn yín kán sí i." Ìṣe wa sì ni pé ìpele àkọ́kọ́ tó bá jáde, ilé kejì ló ń lọ, kí àwa tó fẹnu kàn án.

Ìyàwó Àfáà ló wà nílé kejì, ẹ̀gbọ́n ló jẹ́ fún mi ládùúgbò yẹn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo gbé àwo bisikíìtì lọ bá a. Ó ní, "O ṣeun, ìyàwó wa. A ó fi ṣínu." Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méje, tó ń gba àwẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, nà gbalaja lórí ẹní. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Jẹ ẹyọ kan, Ọlọ́run ò ní bínú." Ọmọ náà mi orí, ó kọ̀. Áà, ẹnu mi yìí!

Mo padà sílé láti po ìpele kejì. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo rí i pé ọ̀rá tí wọ́n fi di agolo pawúdà tí í mú bisikíìtì wú ò tíì já. Mo pe ọkọ mi. "Pawúdà wo lẹ fi sí ti àkọ́kọ́?"

"Èyí tó wà nínú agolo mílíìkì, lẹ́yìn ẹ̀wà."

 Ìyá ọkọ mi ló kó ẹ̀wà wá láti Òkè-Oyi lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun ló sì bu oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ẹ̀wà sínú agolo mílíìkì òfìfo, tó fà á lé mi lọ́wọ́. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀. N ò sọ fún ọkọ mi.

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó di ọwọ́ mi mú. "Sọ fún wọn pé iyọ̀ ló pọ̀ jù. Tí wọ́n bá gbọ́ pé májèlé ni, nínú àwẹ̀, láti ilé onígbàgbọ́, ta ló máa gbà pé àṣìṣe ni?" Òótọ́ ló sọ, ẹ̀rù náà sì ba èmi gan-an. Bí mo ṣe dé ẹnu géètì báyìí, ladáànì wúkọ́ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sálásí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun. Bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ mi, n ò wo ẹ̀yìn. Mo ń sáré, ó ń ṣe mí bíi pé mi ò kúrò lójú kan.

Wọ́n ti jókòó yí oúnjẹ ká. Àfáà ní dàbínò lẹ́nu. Bisikíìtì ti wà lọ́wọ́ ọmọ náà, ó ti ń wí "Bísímílà". Gbogbo ohun tí ọkọ mi kọ́ mi fò lọ lórí mi. "Má jẹ ẹ́! Oògùn kòkòrò wà nínú ẹ̀! Èmi ni mo fà á!" Mo gbá a dànù lọ́wọ́ rẹ̀, ó gba ojú fèrèsé bọ́ síta. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Àfáà rọra béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti jẹ nínú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì jẹ ẹ́. Ìyàwó rẹ̀ wò mí títí, "Sùbùhánàllàhi" nìkan ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

A ri gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n adìyẹ wọn kan ti ṣa èyí tó bọ́ síta jẹ, ó sì ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí mo rí òkú adìyẹ yẹn, mo jókòó sílẹ̀ gbàá.

Lọ́dún kejì, Kérésì tún bọ́ sínú àwẹ̀. Mo ní n ò ṣe bisikíìtì kankan mọ́, ọkọ mi ò sì bá mi jiyàn. Nírọ̀lẹ́, ìyàwó Àfáà wọlé wá, ó ká apá aṣọ sókè. "Ìyẹ̀fun dà? Àwa mẹ́ta la jọ máa pò ó lónìí." Nígbà tí wọ́n pe ìrun, ó nawọ́ sí mi, mo fún un ní ẹyọ kan, gbígbóná. Ó bù ú jẹ. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ni mò ń wò.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù ò bà yín ni?"

"Ó ń bà mí o," ló wí, ó sì tún bu òmíràn. "Ṣùgbọ́n ìwọ lo sáré wá."

Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ẹni tó bá fọkàn tánni kì í bẹ̀rù. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ń bà á, ó sì jẹ ẹ́.